Ta Ni Ká San Ìṣákọ́lẹ̀ Orin Géèmù Fún?

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín láti dá sí ọ̀rọ̀ kan tí òǹkàwé yín kan kọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tó ń gba àwọn ọ̀dọ́ olórin nímọ̀ràn. Ó ní ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu orin, tó sì fi ẹ̀rọ ara rẹ̀ gbà á sílẹ̀, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè kankan, ìbáà jẹ́ ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ ṣe orin náà. Mo mọ̀ pé inú rere ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn náà lè kó ọmọ ọlọ́mọ sí wàhálà, àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ sì ti tọ́ díẹ̀ wò nínú wàhálà ọ̀hún.

Olùkọ́ dùùrù ni mí ní Lágeré, Ilé-Ifẹ̀, èmi náà ni mo sì ń darí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lọ́sàn-án Sátidé, àwọn ọ̀dọ́ bíi mẹ́sàn-án máa ń kóra jọ sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ mi. Àwọn kan ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, àwọn kan ń lu gángan àti omele, ọmọbìnrin kan sì wà láàárín wọn tó mọ àgídìgbo ta ju ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lọ. Kì í ṣe fújì ni wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n kọ́ wọn, kì í sì í ṣe orin ìjọ. Orin inú géèmù ni. Ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu, àfìgbà tí mo fara balẹ̀ gbọ́ èyí tí Koji Kondo, ará Japan kan, ṣe fún géèmù Super Mario Bros. ní ọdún 1985, tí mo sì rí i pé ẹni tó hun ún mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ẹ̀rọ ìgbà yẹn kò lè gbé ju ohùn mélòó kan jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ohùn kankan níbẹ̀ tí kò níṣẹ́ tó ń ṣe. Ariwo ṣíṣàṣíṣà tó dúró fún ìlù nínú rẹ̀, omele ló bá a mu jù lọ. Àwọn ọmọ ló fi hàn mí.

Ẹni tó bá rò pé ariwo ọmọdé lásán ni orin géèmù, ayé ti kúrò níbẹ̀. Ní ọdún 2023, Library of Congress, ilé ìkàwé ńlá ti ìjọba Amẹ́ríkà, fi orin Kondo yìí kún àwọn orin tí wọ́n kà sí ohun ìṣúra tí kò gbọdọ̀ parun. Ṣáájú ìyẹn, ní 2022, orin inú géèmù Kirby Super Star, tí wọ́n tún tò fún ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní The 8-Bit Big Band pẹ̀lú fèrè àti ìlù lọ́nà jáàsì, gba àmì ẹ̀yẹ Grammy. Ẹ kíyè sí i pé àtúntò orin ẹlòmíràn ni wọ́n fún ní ẹ̀yẹ, kì í ṣe orin tuntun. Ohun tí àwọn ọmọ mi ń fẹ́ fi gángan ṣe gan-an nìyẹn, èyí tí àwọn fúnra wọn ń pè ní kọ́fà.

Ta wá ló ni ohun tí wọ́n bá lù? Ní ìlú tiwa yìí, n kò rí àpèjúwe tó yé èèyàn kíá ju ìṣákọ́lẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹnu lásán sọ láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́. Ẹ má bínú sí mi, àpèjúwe ni mo fi ń ṣe, n kò dá ẹjọ́ ilẹ̀ kankan. Bí àgbẹ̀ bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, tó sì gbin kòkó sí i, òun ló ni kòkó rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wá ká a lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò tìtorí òógùn rẹ̀ tó kán sí i di tirẹ̀. Ọdọọdún ni yóò máa mú ohun tó tọ́ sí onílẹ̀ lọ fún un. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni orin rí lójú òfin. Ohùn orin, bí ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ ṣe hun ún, ni ilẹ̀. Orin tí ẹnìkan lù tó sì gbà sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ ni kòkó. Ẹ̀tọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ọwọ́ ẹni méjì ni wọ́n sì sábà máa ń wà. Ọmọ tó bá tún orin géèmù lù fúnra rẹ̀ ti ní kòkó tirẹ̀, ó sì sàn fún un ju ẹni tó kàn jí àwo olóhun gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ; òtítọ́ ni òǹkàwé yín sọ dé ibẹ̀. Onílẹ̀ ló gbàgbé.

Òfin tiwa nílé kò sì fi ọ̀rọ̀ náà bò. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2023, fi í sí ọwọ́ ẹni tó ni orin láti dà á kọ, láti lù ú níwájú èrò, láti tún un tò, àti láti gbé e síbi tí ẹnikẹ́ni ti lè gbọ́ ọ nígbàkígbà. Ẹ̀tọ́ yìí kì í tán títí ọdún 70 yóò fi kọjá lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣẹ̀dá orin; bí ó bá jẹ́ iléeṣẹ́ ló ni ín, ọdún 70 lẹ́yìn tí orin jáde ni. Bí a bá fi ìṣirò yẹn wo orin Mario ti ọdún 1985, tó jẹ́ ti iléeṣẹ́, òpin ọdún 2055 ni yóò tó bọ́ sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn lábẹ́ òfin tiwa, àwọn ọmọ mi á sì ti di bàbá àti ìyá àgbà nígbà náà. Kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ará Japan ló ni ín, kò kàn wá. Nàìjíríà wọ àdéhùn Berne, tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí ẹ̀tọ́ àdàkọ, ní 1993, Amẹ́ríkà wọ̀ ọ́ ní 1989, Japan sì ti wà nínú rẹ̀ láti 1899. Ohun tí àdéhùn náà ń béèrè ni pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan dáàbò bo iṣẹ́ àlejò bí ó ṣe ń dáàbò bo ti ọmọ onílùú. Òfin yìí kan náà fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ń lo orin láti fi kọ́ ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, àti fún ẹni tó ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Nítorí náà ọmọ tó ń fi orin Mario kọ́ ìka rẹ̀ nínú yàrá mi kò tíì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìgbà tó bá gbé e jáde sí gbangba ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti rí i láti ọdún 1909 pé bí a bá ní kí olórin kọ̀ọ̀kan máa lọ dọ̀bálẹ̀ fún onílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ kò ní lọ síwájú. Wọ́n wá ṣe òfin pé bí onílẹ̀ bá ti jẹ́ kí àgbẹ̀ àkọ́kọ́ wọlé, kò lè lé èkejì mọ́, níwọ̀n ìgbà tí èkejì bá ti fi tó o létí tó sì san iye tí ìjọba dá. Láti 2006 títí di 2022, iye náà jẹ́ sénǹtì 9.1 lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan orin tí kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ó di sénǹtì 12 ní 2023, ó sì di 12.7 ní 2025. Bí igba èèyàn bá ra ẹ̀dà orin àtúnkọ kan lọ́dún náà, dọ́là 25 àti sénǹtì 40 ni ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀, owó tí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ lè dá jọ láàárín ara wọn. Ní ti àwọn tó ń gbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìrà á, láti 2021 ni àjọ kan tó ń jẹ́ Mechanical Licensing Collective ti ń gba ti wọn lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ tó ń gbé orin sáfẹ́fẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ olórin. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gba àwọn ọmọ wa nímọ̀ràn ti gbọ́ nípa òfin yìí gbọ́nrangbọ́nran, wọ́n sì rò pé ó ká gbogbo rẹ̀. Kò ká a, pàápàá jù lọ tó bá kan orin géèmù.

Ìdí àkọ́kọ́ ni pé orin tí olóhun ti gbé jáde lọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwo tàbí ohun tí èèyàn lè rà gbọ́, ni òfin náà ṣí ẹnubodè rẹ̀ sílẹ̀. Ohùn tó kàn ń bá àwòrán tó ń rìn jáde kò sí nínú rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún orin géèmù ló sì wà tí kò kúrò nínú géèmù rẹ̀ rí. Wọ́n kọ ọ́ fún ẹ̀rọ, inú ẹ̀rọ ló wà, kò sí ẹni tó gbé e sáwo. Lórí irú orin bẹ́ẹ̀, onílẹ̀ lè sọ pé rárá, tàbí kó dákẹ́, èyí tó burú ju rárá lọ.

Ìdí kejì ni fídíò. Ìṣákọ́lẹ̀ oko kì í ṣe owó ilé: ẹni tó gbàyè láti gbin kòkó kò lè tìtorí ìyẹn kọ́ ilé alájà síbẹ̀. Àṣẹ tí òfin Amẹ́ríkà fúnni láti gba ohùn sílẹ̀ kò kan fífi orin náà sí abẹ́ àwòrán, èyí tó jẹ́ pé onílẹ̀ nìkan ló lè fọwọ́ sí i, ní iye tó bá wù ú. Ẹ wá sọ fún mi, èwo nínú àwọn ọmọ ìsinsìnyí ló ń gbé orin jáde láìsí fídíò? Bákan náà, òfin ọ̀hún gbà kí èèyàn tún orin tò kó lè bá ọ̀nà tirẹ̀ mu, ṣùgbọ́n kò gbà kó yí ìpìlẹ̀ ohùn rẹ̀ padà. Èyí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé Yorùbá kì í lè gbọ́ ohùn tó dára kó má fi ọ̀rọ̀ sí i. Àwọn ọmọ mi ti fi ọ̀rọ̀ sí ohùn géèmù kan tí kò ní ọ̀rọ̀ rárá láti ilẹ̀. Ó dùn, mo rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ìyẹn ti kọjá àtúnkọ, àṣẹ ọ̀tọ̀ ló gbà.

Ká tilẹ̀ gbà pé ọmọ fẹ́ tọrọ àṣẹ, ta ni yóò kọ̀wé sí? Òṣìṣẹ́ Nintendo, iléeṣẹ́ tó ṣe géèmù Mario, ni Kondo láti 1984, iléeṣẹ́ náà ló sì ni orin tó ṣe fún un. Koichi Sugiyama, tó ṣe orin Dragon Quest láti 1986, kò ṣe bẹ́ẹ̀: ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi di ẹ̀tọ́ orin rẹ̀ mú, kì í ṣe ọwọ́ iléeṣẹ́ tó ń ta géèmù náà. Ó kú ní ọdún 2021, nítorí náà ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò wà di òpin 2091. Géèmù méjì tí wọ́n jáde ní ọdún kan sí ara wọn nílùú kan náà, ilẹ̀kùn tí a ó kàn kò bára mu. Àwọn mìíràn wà láyé ìgbà yẹn tó jẹ́ pé orúkọ ìnagijẹ ni wọ́n kọ sí òpin géèmù, àwọn iléeṣẹ́ kan sì ti kógbá wọlé tí ohun ìní wọn ti pín sọ́wọ́ ẹni mẹ́ta mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú wa rí. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ wọ̀nyí lu orin Mario, wọ́n sì gbé fídíò rẹ̀ sórí ìkànnì kan. Kò tó wákàtí méjì tí ìwé fi dé pé ẹ̀rọ ti dá ohùn orin náà mọ̀, pé fídíò lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n owó ìpolówó yòówù tó bá wọlé, ti onílẹ̀ ni. Inú bí àwọn ọmọ. Mo sọ fún wọn pé ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n gbà yẹn, àfi pé wọ́n kó kòkó pọ̀ mọ́ ọn.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ti Tetris. Ará Russia kan, Alexey Pajitnov, ló ṣe géèmù náà ní Moscow ní 1984, ṣùgbọ́n orin tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, èyí tó wà nínú ti Game Boy, ẹ̀rọ géèmù kékeré tí a ń fi ọwọ́ mú, ní 1989, orin ìbílẹ̀ àwọn ará Russia ni, Korobeiniki lorúkọ rẹ̀, inú ewì tí Nekrasov kọ ní 1861 sì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wá. Ilẹ̀ tí kò ní onílẹ̀ mọ́ nìyẹn. Síbẹ̀, bí Hirokazu Tanaka ṣe tò ó fún Game Boy jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, nítorí náà mo kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má ṣe da ìyẹn kọ. A lọ wá orin àtijọ́ náà rí, ọmọbìnrin tó ń ta àgídìgbo sì tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ bó ṣe yé e. Ẹ̀sùn tún dé. Ẹnìkan tó ti gba orin ìbílẹ̀ kan náà sílẹ̀ fún ijó ló ní tòun ni, tàbí ká sọ pé ẹ̀rọ ló bá a sọ ọ́. A kọ̀wé takò ó. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fún olùfisùn láti fèsì, ọgbọ̀n ọjọ́ náà sì pé géérégé láìgbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, kí wọ́n tó yọ ẹ̀sùn náà kúrò. Ẹ rí i pé ẹni tó tẹ̀lé òfin ló ṣòfò ọjọ́, ẹni tó parọ́ kò sì san nǹkan kan.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló dùn mí jù. Orin kan láti inú géèmù kékeré kan ni, orin tó rọra ń lọ bí orin ìrẹ̀mọ́lẹ́kún. A pinnu pé lọ́tẹ̀ yìí a ó tọrọ àṣẹ kí a tó gbé ohunkóhun síta. Iléeṣẹ́ tó ń bá àwọn olórin gbé orin lọ sọ́jà béèrè pé àwo wo ni orin náà ti kọ́kọ́ jáde, kò sí. Wọ́n ní a lè san owó kan ní dọ́là kí wọ́n bá wa wá olóhun. Káàdì báńkì wa kò gbà á. Mo wá kọ̀wé fúnra mi sí iléeṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lópin géèmù. Wọ́n fèsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé àwọn ti ta géèmù náà. Ẹni tó rà á ní orin kò sí lára ohun tóun rà, ó sì darí wa sí ibòmíràn. Ibòmíràn náà kò tíì dáhùn láti oṣù márùn-ún. Orin náà wà nínú fóònù mi, ó ti parí, mi ò sì jẹ́ kí wọ́n gbé e jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn òbí ti bi mí pé ta ni yóò mọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìfẹ́ àwọn òyìnbó ló ń mú mi sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ká yí i síbòmíràn. Bí iléeṣẹ́ géèmù kan láti òkè òkun bá wá sí ààfin níhìn-ín, tó gba ìlù ọ̀sírìgì sílẹ̀, tó sì fi sínú géèmù rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ṣé a ó dákẹ́? Òfin 2022 tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan dáàbò bo orin àti ìlù ìbílẹ̀ pẹ̀lú, ó sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ fi wọ́n ṣòwò lẹ́yìn odi àṣà wọn gbàṣẹ lọ́wọ́ Nigerian Copyright Commission, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ àdàkọ. Nílé ìjọsìn wa pàápàá, nígbà tí a fẹ́ kọ Baba Yetu, Àdúrà Olúwa ní èdè Swahili tí Christopher Tin ṣe orin rẹ̀ fún géèmù Civilization IV ní 2005, tó sì gba Grammy ní 2011, ẹnìkan ti fẹ́ sáré lọ da ìwé orin kan ṣoṣo kọ ní ogójì ẹ̀dà. Ó ní Bíbélì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò lólóhun. Ọ̀rọ̀ kò lólóhun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn ní. A dá owó jọ, a ra iye ẹ̀dà tí a nílò.

Ohun tí mò ń béèrè kò pọ̀. Láti 1989 ni Nigerian Copyright Commission ti wà, láti 2017 sì ni ó ti fún Musical Copyright Society Nigeria ní ìwé àṣẹ láti máa gba owó ẹ̀tọ́ orin. Kí àwọn méjèèjì jókòó, kí wọ́n wá ọ̀nà tí olórin kékeré ní Ifẹ̀, ní Iléṣà tàbí níbikíbi yóò fi san ìṣákọ́lẹ̀ orin àjèjì ní náírà, níbi kan ṣoṣo, kí àjọ náà sì jẹ́ ẹni tí yóò máa wá onílẹ̀ rí ní Japan tàbí Amẹ́ríkà, nítorí pé lẹ́tà tó bá ti ọ̀dọ̀ àjọ ìjọba wá yóò rí èsì ju ti olùkọ́ dùùrù kan ní Lágeré lọ. Bí onílẹ̀ kò bá dáhùn láàárín àkókò kan, kí a lè fi owó náà sílẹ̀ lọ́wọ́ àjọ dè é, kí orin sì máa lọ. Kí wọ́n sì kọ ìlànà rẹ̀ ní Yorùbá, ní ojú ewé méjì péré. Ìwé ìròyìn yín lè bá wọn tẹ̀ ẹ́.

Ní ti òǹkàwé yín, bí ó bá ka lẹ́tà yìí, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tún ìmọ̀ràn rẹ̀ gbé jáde pẹ̀lú àtúnṣe. Àwọn ọ̀dọ́ ń tẹ́tí sí i ju bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí sí èmi lọ. Àwọn lẹ́tà mẹ́ta tí a kọ, àti èsì méjì tí a rí gbà, wà lọ́wọ́ mi; òbí tàbí olùkọ́ tó bá fẹ́ rí bí a ṣe ń kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lè wá dà wọ́n kọ lọ́sàn-án Sátidé èyíkéyìí. Mo yọ̀ǹda ìyẹn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ dùùrù kan,
Lágeré, Ilé-Ifẹ̀.